Mo fẹ́ tún ojú bèbí òkìríkà kùn, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Òkun o, Àǹtí. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ra bèbí mẹ́ta nínú bélì tóìsì tí wọ́n tú ní ọjà Kabba, ojú wọn ti ń ṣí, ọ̀kan tiẹ̀ ní báírò lẹ́rẹ̀kẹ́. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ máa kó wọn jọ o, kì í ṣe fún ọmọdé. Ọ̀kan jẹ́ Barbie, wọ́n kọ 1966 sí i lẹ́yìn. Ìkejì ni Monster High aláwọ̀ ewé, òun ni báírò wà lára ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tó máa ń dijú téèyàn bá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Mo fẹ́ pa ojú wọn rẹ́ kí n kun tuntun sí i. Ẹnìkan ní kí n fi pẹtiróòlù nù ún, ẹlòmíì ní tína. Ṣé mo lè fi kútẹ́ẹ̀sì kun ètè ẹ̀? Kí ni kí n rà? Mi ò kun nǹkan kan rí láyé mi o.

Ìdáhùn: Òkun o, àbúrò mi. Jọ̀ọ́ gbé pẹtiróòlù yẹn sílẹ̀ ná, gbé tína náà sílẹ̀, kútẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú, kó o dẹ̀ fi wọ́n síbi tí ọwọ́ ẹ ò ti ní tètè tó wọn. Iṣẹ́ ojú bèbí ni mo fi ń jẹun, ohun tí mo sì ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé tiwọn wá fún mi ni pé kíkùn gan-an kọ́ ló ń ba bèbí jẹ́. Ohun tí wọ́n fi pa ojú àtijọ́ rẹ́ ló ń bà á jẹ́, tàbí ohun tí wọn ò fi sábẹ́ ọ̀dà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ojú tí kò gún, a lè nù ún kúrò ká tún un ṣe. Orí tó ti yọ́ ńkọ́? Kò sí nǹkan tí mo lè bá ẹ ṣe sí i.

Ká ti ọ̀rọ̀ Barbie kúrò nílẹ̀ ná, torí ó ṣeé ṣe kí owó wà níbẹ̀, ó dẹ̀ ṣeé ṣe kó má sí. 1966 tó o rí yẹn kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é. Ọdún tí Mattel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Barbie, forúkọ irú ara bèbí yẹn sílẹ̀ pé tàwọn ni, wọ́n wá ń lo ara yẹn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, bèbí tí wọ́n ṣe ní 1995 lè gbé 1966 sẹ́yìn kó máa ṣe bí àgbàlagbà. Wọ́n máa ń kọ ọdún mìíì sínú etí ọrùn níbi tí orí ti wọ ara, 1976 pọ̀ gan-an níbẹ̀, ti orí nìyẹn, òun náà kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Orúkọ ìlú tí wọ́n kọ mọ́ ọn ni kó o wò. Nígbà tí Barbie kọ́kọ́ jáde ní 1959, Japan ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí náà tó bá jẹ́ Japan lo rí lára ẹ̀ pẹ̀lú 1966 yẹn, má fi nǹkan kan kan ojú ẹ̀ o, kódà kó ti ṣí díẹ̀, torí àwọn tó ń ra ti àtijọ́, ojú tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń san owó fún, tó o bá ti kun tìẹ sí i, owó ẹ̀ já nìyẹn. Tó bá jẹ́ China, Malaysia tàbí Indonesia, fọkàn balẹ̀, ó jọ pé bèbí òkìríkà lásán ni, ṣe ohun tó bá wù ẹ́ sí i.

Èyí tó ń dijú yẹn, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Ẹyinjú ẹ̀ jẹ́ plástíìkì tó mọ́ gaara, ohun tó ń ṣí ọ̀dà máa sọ ọ́ di funfun ràkọ̀ràkọ̀, omi tó bá sì wọ inú ẹ̀ máa jẹ́ kí irin tó ń gbé ojú yẹn sókè sódò dípẹtà. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kó o fi nu ojú ẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi. Ètè àti bèbè ojú ẹ̀ nìkan lo lè tún ṣe lọ́jọ́ iwájú tí ọwọ́ ẹ bá ti balẹ̀.

Monster High la máa lò. Ọdún 2010 ni wọ́n gbé e jáde, kì í ṣe ohun àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni máa sunkún lé lórí, ojú ẹ̀ tóbi, wọ́n dẹ̀ ti gbẹ́ ibi tí ojú àti ètè wà sí i lára, ìlà yẹn máa darí ọwọ́ ẹ. Fi ìka tẹ orí ẹ̀, wàá rí i pé ó rọ̀, rọ́bà tí wọ́n ń pè ní vinyl nìyẹn. Wá tẹ apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀, ó le. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀ o: asitóònù, ohun tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò, máa ń ṣí ọ̀dà kúrò lórí rọ́bà tó rọ̀ láì ṣe é ní nǹkan kan téèyàn bá tètè fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n tó bá kan plástíìkì líle, ó máa yọ́ ni, ó máa lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Tína àwọn oníkùn mọ́tò burú jùyẹn lọ torí àdàlù oríṣiríṣi nǹkan ló wà nínú ẹ̀, ìwọ ò lè mọ èyí tó máa jẹ rọ́bà ẹ. Pẹtiróòlù ní tiẹ̀, iná ni mò ń rò, mi ò tiẹ̀ rò ó dé ọ̀dọ̀ bèbí rárá.

Báírò tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ bójú tó, má fi asitóònù kàn án torí ṣe ló máa tàn kálẹ̀ táá wọnú rọ́bà. Lọ sí ilé oògùn, ní kí wọ́n fún ẹ ní ìpara rorẹ́ tó ní benzoyl peroxide 10%. Fi kọ́tínì bọ́ọ̀dù lé e sórí ìlà báírò yẹn nìkan, fi ọ̀rá bò ó kó má tètè gbẹ, gbé e sóòrùn, máa wò ó lójoojúmọ́, máa pààrọ̀ ìpara yẹn tó bá ti gbẹ. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀. Ṣọ́ra o, ìpara yìí lè bó àwọ̀ rọ́bà pẹ̀lú, nítorí pé aláwọ̀ ewé ni tìẹ, kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn orí lábẹ́ irun.

Tí báírò bá ti lọ, fọ orí yẹn pẹ̀lú ọṣẹ kí epo ọwọ́ àti eruku bélì kúrò. Kó irun ẹ̀ jọ, fi ọ̀rá wé e títí dé eteetí iwájú orí, fi rọ́bà báńdì dè é, torí irun bèbí mìíì wà tí asitóònù ń yọ́ bí iyọ̀. Wé ara ẹ̀ náà láti ọrùn lọ sísàlẹ̀. Asitóònù gidi ni kó o rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èèlò èékánná, kì í ṣe rímúfà aláwọ̀ tó ní epo àti òórùn dídùn nínú. Ìta ni kó o ti ṣe é, kò gbọdọ̀ sí iná, sítóòfù tàbí sìgá nítòsí, èéfín ẹ̀ máa ń gbiná lójijì. Ti kọ́tínì bọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́, fún un kó má kán, kó o wá nu ọ̀dà náà láti eteetí bọ̀ sáàárín, torí tó o bá nù ún jáde, dúdú ojú yẹn máa kun gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lo máa lo ẹnu kọ́tínì kan, kó o jù ú nù. Má rẹ orí náà sínú ẹ̀ o. Tó bá ti mọ́, omi àti ọṣẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó o fi í sílẹ̀ mọ́jú.

Ojú ẹ̀ ti wá mọ́ báyìí, ó ń wò ẹ́ láìní ojú, ọwọ́ ẹ á máa yún ẹ láti kun ún. Má tíì kun ún! Rọ́bà tó dán bẹ́ẹ̀ kì í di pẹ́ńsùlù tá a máa fi ya ojú mú, ọ̀dà tó o bá fi sí i máa ṣí bó o bá fi èékánná họ ọ́. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi fáníìṣì tí kì í dán bò ó, òun ló máa jẹ́ kí ara rọ́bà náà rí hágahàga díẹ̀ kí pẹ́ńsùlù rí ibi dìmú, òun náà ni kì í jẹ́ kí àwọ̀ wọ inú rọ́bà, bó o bá dẹ̀ ṣì í kùn, èyí tó wà lókè nìkan lo máa nù kúrò. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ fẹ́ràn jù ni Mr. Super Clear tó wá láti Japan, èyí tí wọ́n kọ Flat sí lára, agolo tí wọ́n ń fín ni. Ó dáa gan-an lóòótọ́, ṣùgbọ́n olóró ni, ìbòmú bébà tí wọ́n ń lò nígbà Kòrónà kò lè gbà ẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àfi ìbòmú rọ́bà tó ní fílítà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí tí àwọn oníkùn mọ́tò tó mọṣẹ́ ń lò, kó sì jẹ́ fílítà tó wà fún èéfín kẹ́míkà, kì í ṣe ti eruku nìkan. Tí o ò bá ní i, má fín in. Mi ò ní bá ẹ jiyàn lórí ìyẹn rárá, ẹ̀dọ̀fóró ẹ ju bèbí lọ.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ bíi tìẹ, mo fara mọ́ fáníìṣì olómi tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, èyí tí wọ́n kọ matte varnish sí lára, Liquitex ń ṣe é, àwọn mìíì náà ń ṣe é. Fi omi díẹ̀ là á, fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ tàbí fóòmù kékeré tẹ̀ ẹ́ lé ojú náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, jẹ́ kó gbẹ, tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í fi bẹ́ẹ̀ di pẹ́ńsùlù mú tó ti agolo, ṣùgbọ́n kò ní pa ẹ́. Agolo kílíà, fáníìṣì mọ́tò tí wọ́n ń tà nílé ọ̀dà mọ́tò ńkọ́? Rárá o. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ kì í gbẹ lórí rọ́bà bèbí láéláé, á kàn máa lẹ̀ máa kó eruku. Kútẹ́ẹ̀sì náà kò dáa, ohun tó ń jẹ́ kó yọ́ nínú ìgò ẹ̀ yẹn náà ló máa jẹ rọ́bà. Ọ̀dà ilẹ̀kùn náà ńkọ́? Má gbìyànjú ẹ̀.

Ojú ọjọ́ wa yìí tún ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Tó o bá padà wá ní agolo àti ìbòmú tó péye, má fín nǹkan kan nígbà òjò tí afẹ́fẹ́ bá kún fún omi, fáníìṣì náà máa funfun bí ìgbà tí ìkùukùu bo ojú bèbí, ó dẹ̀ ṣòro láti tún ṣe. Ọyẹ́ dáa fún un torí afẹ́fẹ́ gbẹ, àmọ́ eruku Ìsánlú àti Kabba lásìkò yẹn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Fi páálí ńlá kan dúbúlẹ̀ níta lábẹ́ ìbòòji, kí ẹnu ẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, gbé orí náà sínú ẹ̀, dúró bí ìwọ̀n 30 sẹ̀ǹtímítà sí i, fín in kọjá lọ fẹ́ẹ́, má dúró lójú kan, kó o wá fi í sílẹ̀ bí ìdajì wákàtí kó o tó tún fín òmíràn.

Kíkùn wá kù. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dúdú. Mú pẹ́ńsùlù búráùn tó fẹ́lẹ́, fa ìlà tí kò hàn púpọ̀ láti àárín iwájú orí gba imú dé àgbọ̀n, òun lo máa fi díwọ̀n ojú méjèèjì. Má kun ojú kan tán kó o tó lọ sí ìkejì, ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ti ń kó sí wàhálà, wọ́n á fi gbogbo ọgbọ́n ṣe ti ọ̀tún, kí wọ́n tó dé òsì ó ti sú wọn. Fa ìlà ìpéǹpéjú ọ̀tún, fa ti òsì, fi àmì ẹyinjú ọ̀tún, fi ti òsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Máa gbé e síwájú dígí, tàbí kó o fi fóònù yà á, àwòrán yẹn máa fi ibi tó wọ́ hàn ẹ́ kíá. Jẹ́ kí ìpéǹpéjú òkè bo orí ẹyinjú díẹ̀, torí tí dúdú ojú bá yí po láìsí ohun tó bò ó, bèbí náà á máa wò bí ẹni tó rí ejò. Tóótóó funfun tó ń dán nínú ojú, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kó wà nínú méjèèjì.

Pẹ́ńsùlù tó ń yọ́ nínú omi, èyí tí wọ́n kọ watercolour sí lára, ló dáa jù láti fi ya ojú, torí kọ́tínì tó tutù díẹ̀ lásán máa nu àṣìṣe kúrò. Fún pupa ẹ̀rẹ̀kẹ́, lo pastel tó jẹ́ ṣọ́ọ̀kì, kì í ṣe olóróro, fi abẹ há a di lúbúlúbú, kó o fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nà án díẹ̀díẹ̀. Wàá tún fi fáníìṣì bò ó kí àwọ̀ tó wà nílẹ̀ má ṣí, tí o bá ń lo ti búrọ́ọ̀ṣì, tẹ̀ ẹ́ ni o, má fà á, torí tó o bá fà á, pẹ́ńsùlù yẹn á yọ́ bá ẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni kó o wá fi ọ̀dà acrylic tí àwọn ayàwòrán ń lò fa ìlà tó gbọ́dọ̀ dúdú, là á pẹ̀lú omi kó má baà ṣu. Tó bá ṣe pé ojú adúláwọ̀ lo ń fẹ́, má ronú àtikun gbogbo orí di búráùn, ọrùn máa kọ́kọ́ bó, wá bèbí tó jẹ́ búráùn látilẹ̀wá, láti 1980 tí Black Barbie tí Kitty Black Perkins yà fún Mattel ti jáde ni wọ́n ti ń ṣe Barbie dúdú tó ń jẹ́ Barbie gan-an, o lè rí i nínú bélì.

Ètè tó o fẹ́ fi kútẹ́ẹ̀sì ṣe, fáníìṣì olómi tó ń dán ni kó o fi sí i lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ bá ti gbẹ tán, fi sí ẹyinjú náà, ó máa dà bí pé ó tutù.

Ohun rírà: tó o bá ń lọ Lọ́kọ́ja tàbí tí ẹnìkan ń bọ̀ láti Àbújá, búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ tí wọ́n kọ 000 sí, òmíràn tó rọ̀ tó fẹ̀ díẹ̀, acrylic funfun, dúdú, pupa, yẹ́lò àti búlúù nìkan, torí o lè fi wọ́n po ìyókù, pẹ́ńsùlù watercolour páálí kékeré kan tí kì í ṣe ti ọmọ iléèwé, torí àwọ̀ ìyẹn kì í jáde, pastel bí mẹ́ta, fáníìṣì olómi méjì, èyí tí kì í dán àti èyí tó ń dán. Asitóònù, kọ́tínì bọ́ọ̀dù àti ìpara rorẹ́ yẹn, kò yẹ kó o kúrò ní Ìsánlú kó o tó rí wọn.