Ṣé Ẹni Tó Ní Owó Ìpamọ́ Lè Sọ Pé Ọlọ́run Lòun Gbẹ́kẹ̀ Lé?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ́n, ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ nínú owó tó ń wọlé fún mi sí báńkì, nítorí àwọn ọmọ mi àti nítorí ọjọ́ ogbó. Láìpẹ́ yìí, arákùnrin kan nínú ìjọ wa kọ́ wa pé Kristẹni tó bá ń fi owó pamọ́ kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, nítorí Jésù ní kí a má ṣe to ìṣúra jọ fún ara wa ní ayé. Ǹ bá má ka ọ̀rọ̀ náà sí, ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn wọ ilé wa, owó tó wà ní báńkì ni ọkàn mi kọ́kọ́ sáré lọ bá kí n tó rántí àdúrà. Ṣé kí n pín owó náà fún àwọn aláìní ni? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ bóyá Ọlọ́run ni mo gbẹ́kẹ̀ lé tàbí owó?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ọ̀rọ̀ Jésù ni arákùnrin yẹn tọ́ka sí lóòótọ́, inú Mátíù 6:19 ló sì wà. Àmọ́ Bíbélì kan náà yìí ló ní kí ọ̀lẹ lọ wo èèrà tó ń kó oúnjẹ rẹ̀ jọ nígbà ìkórè. Nípa ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún Jósẹ́fù ni wọ́n fi tọ́jú ìdá kan nínú márùn-ún irè oko Íjíbítì fún ọdún méje, tí ìyàn kò fi pa àwọn ènìyàn run. Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú sọ nínú 1 Tímótì 5:8 pé ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, a kò lè fi ohun tó wà ní ìpamọ́ nìkan mọ̀ ọ́n.

Ìtàn mánà, oúnjẹ tí Ọlọ́run rọ̀ láti ọ̀run fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù, nínú Ẹ́kísódù orí 16 ni mo rí pé ó là ọ̀rọ̀ yìí yé wa jù lọ. Ọlọ́run ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kó ìwọ̀n ómérì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, kí wọ́n má sì ṣẹ́ nǹkan kan kù di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn kan ṣẹ́ ẹ kù, ó yọ ìdin, ó sì ń rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, Ọlọ́run yìí kan náà ní kí wọ́n kó ìlọ́po méjì, kí wọ́n sì tọ́jú ti ọjọ́ ìsinmi. Èyí tí wọ́n tọ́jú lọ́jọ́ náà kò rùn rárá. Mánà kan náà ni, àgọ́ kan náà sì ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹni tó ṣẹ́ ẹ kù láàárín ọ̀sẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí kò dá a lójú pé Ọlọ́run yóò tún pèsè lọ́la. Ẹni tó tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà ṣe é nítorí pé Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Kódà, àwọn kan jáde lọ wá mánà lọ́jọ́ keje, wọn kò rí nǹkan kan, Ọlọ́run sì bá wọn wí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí kò tọ́jú nǹkan kan pamọ́ gan-an ni kò gba Ọlọ́run gbọ́.

Ẹ wá wo ọkùnrin ọlọ́rọ̀ tí Jésù sọ ìtàn rẹ̀ nínú Lúùkù orí 12. A kò gbọ́ pé ó jalè, a kò sì gbọ́ pé ó rẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ. Ilẹ̀ rẹ̀ ló so èso púpọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ tó ń bá ara rẹ̀ sọ, ẹ óò rí i pé kò dárúkọ ẹlòmíràn níbẹ̀: irè oko mi, àká mi, ẹrù mi, ọkàn mi. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rọ òjò, kò béèrè ohun tí ẹni náà fẹ́ kó fi ọrọ̀ náà ṣe, kò sì rántí aládùúgbò kankan tí ebi ń pa. Ó wá ṣèlérí ọ̀pọ̀ ọdún fún ọkàn ara rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òru ọjọ́ náà gan-an kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tó ti fún ọkàn rẹ̀ ní ìbàlẹ̀ tó jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ló lè fúnni, ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti pè é ní òmùgọ̀.

Ohun kan wà tí a kì í sábà sọ nínú ìwàásù, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ojú ìwé yìí fọkàn sí i. Bí Jésù ṣe parí ìtàn yẹn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló yíjú sí, àwọn tí wọ́n ti fi ohun gbogbo sílẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì ní kí wọ́n má ṣe ṣàníyàn nípa oúnjẹ àti aṣọ. Ìdí ni pé ẹni tí kò lówó pàápàá lè gbẹ́kẹ̀ lé owó bí ẹni tó ní in. Ọlọ́rọ̀ ń sọ pé, ‘Ọkàn mi balẹ̀ nítorí pé mo ní’. Ẹni tí kò ní ń sọ pé, ‘Ọkàn mi ì bá balẹ̀ ká ní mo ní.’ Àwọn méjèèjì gbà pé owó ló ń fi ọkàn ènìyàn balẹ̀. Bí ẹ bá pín gbogbo owó yín lónìí nítorí ẹ̀rù tí ìwàásù dá bà yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lọ́la, owó tí ẹ kò ní mọ́ ni ọkàn yín yóò máa rò tọ̀sán-tòru.

Nítorí náà, n kò ní kí ẹ pín in tán. Jésù sọ fún ọkùnrin kan pé kó ta gbogbo ohun tó ní, ṣùgbọ́n nígbà tí Sákéù fi ìdajì ẹrù rẹ̀ fún àwọn tálákà, Jésù ní ìgbàlà wọ ilé náà lọ́jọ́ yẹn. Àwọn obìnrin inú Lúùkù orí 8 sì ń fi ohun ìní wọn ṣe ìránṣẹ́ fún un, kò sì bá wọn wí pé wọ́n ní nǹkan. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì sọ fún àwọn ọlọ́rọ̀ ìjọ Éfésù ni pé kí wọ́n má ṣe gbéra ga, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé ọrọ̀ tí kò dúró sójú kan, kí wọ́n sì jẹ́ ọlọ́wọ́ fífúnni. Ẹ máa fúnni, àní títí dé ibi tí yóò ti hàn nínú owó ìpamọ́ yín, nítorí ọwọ́ tó bá lè tú sílẹ̀ fún ẹlòmíràn kò tíì dì mọ́ owó.

Ní ti ọkàn tó kọ́kọ́ sáré lọ sí báńkì, ẹ má ṣe gbójú fò ó, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ dá ara yín lẹ́bi. Ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Ọlọ́run bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi owó yẹn tọ́jú aláìsàn náà láìṣiyèméjì, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún yín ní agbára àtikó o jọ, bí Diutarónómì 8:18 ti wí.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, wọ́n ní bí mo bá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run tí mo sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti mú ọrẹ ńlá wá, òun yóò sọ mí di ọlọ́rọ̀. N kò níṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, mo sì ń ronú àtiyá owó láti fi san ẹ̀jẹ́ náà. Kí ni ẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Arákùnrin wa, ẹni tó fún Ọlọ́run ní owó kí owó lè pọ̀ sí i fún òun, owó náà ló ṣì gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn ará Makedóníà fúnni láti inú òṣì paraku, 2 Kọ́ríńtì orí 8 sì yìn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni a kò kà á níbẹ̀ pé wọ́n torí rẹ̀ di ọlọ́rọ̀. Pọ́ọ̀lù tó kọ ìwé náà mọ bí a ti ń yó àti bí a ti ń pa ebi mọ́nú. Hébérù orí 11 pẹ̀lú sọ nípa àwọn tó ń rìn káàkiri nínú awọ àgùntàn, tí wọn kò ní nǹkan kan, tí Ọlọ́run sì jẹ́rìí sí ìgbàgbọ́ wọn. Ẹ béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láìbẹ̀rù, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ará nínú ìjọ mọ ohun tí ẹ ń là kọjá, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọwọ́ wọn ni Ọlọ́run ń gbà pèsè. Ẹ má yá owó kankan. Ẹsẹ 12 nínú orí 8 yẹn kan náà sọ pé ohun tí ènìyàn bá ní ni a fi ń gba ọrẹ rẹ̀, a kì í fi ohun tí kò ní gbà á. Bí wọ́n bá sì ń fi ẹ̀jẹ́ náà dẹ́rù bà yín, ẹ ka ẹsẹ yìí sí wọn létí.