Rẹ́gúlétọ̀ epo lórí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tuntun: ẹ fa rọ́bà yọ ná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fi ọ̀nà afẹ́fẹ́ tuntun, irú èyí tó ń mú ọkọ̀ lágbára, sí ẹ́ńjìnnì mi, pẹ̀lú rẹ́gúlétọ̀ epo tó ní súkúrú, ohun tó ń ṣàkóso agbára tí epo fi ń tì lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń lọ láti Kétu sí Àjàṣẹ́, èéfín dúdú ló ń rú, epo sì ń tán wàrà-wàrà. Bẹ́ẹ̀, bar 3 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára títì epo) tí ìwé ọkọ̀ sọ ni géèjì ń fi hàn ní rálàńtì, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ epo.

Ìdáhùn: Ṣé ẹ fa rọ́bà kékeré orí rẹ́gúlétọ̀ yọ kí ẹ tó wo géèjì? Bí ẹ kò bá fà á yọ, bar 3 yẹn ń tàn yín ni. Rọ́bà náà ló ń jẹ́ kí rẹ́gúlétọ̀ mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tó. Ní rálàńtì, ó yẹ kó fi nǹkan bíi bar 0.5 fa abẹ́rẹ́ géèjì wálẹ̀.

Ẹ fà á yọ, kí ẹ fi bọ́ọ̀tì dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì gbígbóná máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè dé 3.5, wọ́n ti fún súkúrú jù: epo tó ń wọlé fi nǹkan bíi 8% lé. Bó bá dúró sí 3 láìmira, a jẹ́ pé rọ́bà dí, tàbí ó ti já, tàbí kó jẹ́ pé ihò tó wà ṣáájú papiyọ̀n (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún afẹ́fẹ́ bí ẹ bá tẹ epo) ni wọ́n so ó mọ́, níbi tí kò sí ìfà kankan ní rálàńtì. Ẹ̀yìn papiyọ̀n ni kí ẹ so ó mọ́, nínú ikùn ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí gbogbo sìlíńdà ti ń mí. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka sìlíńdà kan ṣoṣo, abẹ́rẹ́ á máa jó ṣáá.

Àmọ́ 8% nìkan kì í rú èéfín dúdú. Ẹ gbóòórùn rọ́bà yẹn. Bí epo bá wà nínú rẹ̀, awọ inú rẹ́gúlétọ̀ ti ya. Ẹ ra òmíràn, súkúrú kò lè tún un ṣe. Kí ẹ tó tú u, ẹ yọ fíùsì pọ́ọ̀ǹpù, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú fúnra rẹ̀, kí epo má bàa tú sí yín lójú.

Bí rọ́bà bá gbẹ, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì tó di súkúrú mú, kí ẹ máa yí súkúrú díẹ̀díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀tún ń gbé e ga, òsì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó bá dé bar 3, ẹ fún nọ́ọ̀tì, kí ẹ tún wò ó, torí nọ́ọ̀tì máa ń fa súkúrú lọ. Ẹ wá dá rọ́bà padà: 2.4 sí 2.6 ló yẹ kí ẹ rí.

Bí ẹ bá tú súkúrú títí tí kò wálẹ̀, páìpù tó ń dá epo padà sí táǹkì ti tẹ̀, tàbí ó tín-ín-rín jù. Bí ẹ bá fún un tí kò gòkè, ẹ wo fílítà kí ẹ tó dá pọ́ọ̀ǹpù lẹ́bi, àgàgà bó bá jẹ́ kpayo (epo fàyàwọ́) inú ìgò ẹ̀bá ọ̀nà ni ẹ ń rà.