Kó o tó ra káàdì gíráfíìkì fún kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà, ṣí i kó o ka wáàtì rẹ̀

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn mí gan-an. O ní Dell OptiPlex 9020 onídùúró lo fi ń to fídíò ìgbéyàwó pọ̀ ní Kétu, pé ìlà-ìlà ti ń fà lójú skríìnì bí aṣọ òfì kí káàdì náà tó wá kú pátápátá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan wá ní kó o wá mú káàdì RX 580 lọ́wọ́ òun ní 55,000 sẹ́fà, o ò sì mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ẹ á lè gbé e. Kò lè gbé e. Jọ̀ọ́, má tíì fún un ní sẹ́fà kan. Mo ti gba ọ̀nà yẹn rí, mo mọ ibi tó já sí.

Ìparí 2022 ni, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). 9020 bíi tìẹ ni tèmi náà, káàdì inú ẹ̀ kú nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n gbé fídíò ìgbéyàwó kan fún àwọn tó ni ín. Ìkánjú wọ̀ mí lára. Lásìkò yẹn, káàdì tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́jà bí ilẹ̀ bí ẹní, torí ní 15 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Ethereum, ìyẹn owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, pa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi káàdì wa owó náà tì, àwọn tó ti ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru bá ń kó wọn dà sọ́jà. Mo ra káàdì RX 570 kan, oní 8 giga mẹ́mọ́rì, mo rí 8 giga yẹn ojú mi ò rí nǹkan míì mọ́. Mo délé mo rí i pé ó ní ihò mẹ́jọ lórí níbi tó yẹ kí wọ́n ki wáyà iná bọ̀, alimentation inú kọ̀ǹpútà mi, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ohun inú ẹ̀, ò sì ní wáyà tó jọ ọ́ rárá. Ọmọ kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ládùúgbò bá mi wá ẹnu wáyà kan tó ń fa iná láti ara wáyà háàdì dìsìkì wá sára káàdì, ó ní gbogbo èèyàn ló ń lò ó. Ó tàn lóòótọ́, fáànù ń yí, inú mi dùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Bí mo bá ń wo fọ́tò lásán kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní kó máa ṣe export, ìyẹn kó sọ ohun tí mo tò pọ̀ di fídíò kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò ní pé, pàù, ó ti kú. Mo rò pé kúrán ló ń já, mo tún un tàn, mo tún un tàn, bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Lọ́jọ́ kẹta mo gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, alimentation bá lọ, ó sì mú háàdì dìsìkì lọ pẹ̀lú ara ẹ̀. Orí háàdì yẹn ni gbogbo ohun tí mo yà níbi ìgbéyàwó náà wà, mo sì ti pa ti inú kámẹ́rà rẹ́ kí n lè rí àyè ya òmíì. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ yẹn ò lè padà wá mọ́." Títí di òní, tí mo bá rí ẹni tó fẹ́ ra káàdì ńlá sínú kọ̀ǹpútà kékeré, àyà mi máa ń já.

Nítorí náà gbọ́ bó ṣe rí. Ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ẹ, ka ìwé tó wà lára alimentation. 290 wáàtì ni wọ́n kọ sára 9020 onídùúró. Tó bá jẹ́ i5-4570 ni ọpọlọ (processor) tó wà nínú ẹ̀, 84 wáàtì ni wọ́n kà fún un. RX 580 nìkan á jẹ 185. Ro méjèèjì pọ̀, 269 ti lọ, o ò tíì ka háàdì, o ò tíì ka fáànù àti mẹ́mọ́rì, kì í sì í ṣe gbogbo 290 yẹn ló wà fún wáyà oníná 12 volt tí káàdì ń mu. Ká tún má gbàgbé pé ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ yìí, pẹ̀lú eruku pupa Kétu àti ọyẹ́ tó ti fẹ́ lé e lórí. Wáyà tí wọ́n ń jálù láti ara háàdì yẹn ńkọ́? Ẹnu wáyà SATA, ìyẹn ti háàdì yẹn, ò ju 54 wáàtì lọ lórí 12 volt, ihò mẹ́jọ tí wọ́n fẹ́ fi bọ́ lè béèrè tó 150. Ibẹ̀ ni òórùn rọ́bà ti ń wá.

O lè sọ pé wàá pààrọ̀ alimentation. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ Dell ò lo ihò 24 tí gbogbo ayé ń lò nínú 9020, ihò mẹ́jọ tiwọn ni wọ́n ṣe, o máa ra ẹnu wáyà míì tó ń yí i padà, owó ń gorí owó. Èmi ò ní gbà ẹ́ nímọ̀ràn ẹ̀.

Ohun tó o máa wá ni káàdì tí iná tó ń gbà láti ojú PCIe, ìyẹn ihò gígùn tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, tó fún un, tí kò bèèrè wáyà kankan. Ojú yẹn ò ju 75 wáàtì lọ, torí náà káàdì tó bá ní ihò wáyà lórí, fi í sílẹ̀, bó ti wù kí wọ́n sọ ọ́ dáadáa tó. GTX 1650 onígíga 4 ni mo ń lò báyìí, 75 wáàtì ni, ó sì ní NVENC, ìyẹn ibi tó ń di fídíò pọ̀ lára káàdì fúnra ẹ̀, export ò pọ́n mi lójú mọ́. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ wò ó, torí àwọn tó ṣe é kan fi ihò mẹ́fà sórí tiwọn. GTX 1050 Ti náà á wọlé, ó sì máa dínwó, àmọ́ láti oṣù kẹwàá 2025 ni NVIDIA, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ò ti gbé driver tuntun (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì) jáde fún ìran tiẹ̀ mọ́, ti ààbò nìkan ni wọ́n ń fún un títí di oṣù kẹwàá 2028. Bó o bá lè fowó díẹ̀ kún un, 1650 ni. Bó o bá rí NVIDIA T600 tàbí T1000 tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, mú un, 40 àti 50 wáàtì ni wọ́n, wọ́n kéré, kìkì pé mini DisplayPort, ihò skríìnì kékeré kan, nìkan ló wà lẹ́yìn wọn.

Wọ́n á tún fi RX 6400 hàn ẹ́, wọ́n á ní 53 wáàtì péré ni. Òótọ́ ni, àmọ́ kò ní ibi tó ń di fídíò pọ̀ rárá, fídíò sì niṣẹ́ ẹ. Káàdì Intel Arc, má dé ibẹ̀, ohun tó ń béèrè lára bọ́ọ̀dù ò sí nínú tiwa.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo ra káàdì, wọ́n tún gbá mi. "GTX 1050 Ti" nínú ọ̀rá tuntun, 40,000 sẹ́fà, oníṣòwò náà búra. Ihò VGA aláwọ̀ búlúù, ihò skríìnì ti àtijọ́, wà lẹ́yìn ẹ̀, ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀, torí ìran 1000 ti NVIDIA ò fúnra ẹ̀ gbé VGA jáde mọ́. Mo délé, mo ṣí GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó kọ FAKE síwájú orúkọ ẹ̀: GTS 450 tó jáde ní 2010 ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà. Mo pe nọ́ńbà ọkùnrin náà títí, kò wọlé mọ́.

Torí bẹ́ẹ̀, má ra káàdì láìgbé kọ̀ǹpútà ẹ dání. Gbé e wọ takisí, gba Pobè wá, kò sí ohun tó ń tini lójú níbẹ̀. Kí wọ́n ki káàdì náà bọ inú ẹ̀ níwájú ẹ, ṣí GPU-Z, lẹ́yìn náà FurMark, ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí ooru bá kọjá 85°C, tàbí tí àmì kékeré bá ń tàn lójú skríìnì, dá a padà. Wo ẹ̀yìn káàdì, bí ó bá ti pọ́n tàbí tó dúdú yí chip ká, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni wọ́n fi sè é kó lè jí, á bá ẹ lò fọ́sẹ̀ mélòó kan kó tó kú padà. Kó o tó kúrò nílé, fi tépù wọn ibi tí káàdì máa gùn dé kó má baà kọlu ibi tí háàdì wà.

Mo rí i nínú fọ́tò ẹ pé VGA ni skríìnì ẹ ń lò. Ra ohun tó ń yí HDMI sí VGA dání, èyí tó ní ẹ̀rọ nínú, kì í ṣe wáyà lásán.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ lónìí: má jẹ́ kí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lé ẹ. Yọ káàdì tó kú yẹn kúrò, ki VGA bọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, i5 yẹn ní gíráfíìkì tirẹ̀, ó máa falẹ̀ ṣùgbọ́n wàá parí iṣẹ́. Kó àwọn fídíò oníbàárà sórí háàdì míì tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà náà, lálẹ́ òní. Kó o sì ya fọ́tò ìwé ara alimentation yẹn ránṣẹ́ sí mi, mo máa wò ó kí n tó sùn. Bó o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pè mí tó o bá dé Wàǹdó níbí ní Àjàṣẹ́, èmi àti ẹ la jọ máa lọ.