Ọ̀rá ń pọ̀ jù nílé wa, kí la fẹ́ ṣe sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wolé-wolé. Àwa mẹ́fà là ń gbé pọ̀ l'Ayétòrò, níbí l'Óṣogbo. Kí dọ́síbìn wa tó pé ọjọ́ mẹ́ta ó ti kún, ọ̀rá ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ti ra báàgì aláṣọ tí mo fi ń lọ ọjà, síbẹ̀ kò dín kù. Ẹ̀yìnkùlé lọkọ mi ń sun ún sí. Kí ni mo tún lè ṣe tí owó ọjà ò ní lé sí i? Ṣé kí n máa bèèrè bébà dípò ọ̀rá ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ o, mà. Báàgì yẹn dáa, ẹ má fi sílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń gbé ọjà ló ń kún dọ́síbìn yín. Ẹ dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ wò ó. Ohun tí mo sábà máa ń bá nílé àwọn èèyàn ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti sáṣẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi, ti mílíìkì, ti ọṣẹ, ti tòmátò.

Omi ni olórí wàhálà. Tí èèyàn mẹ́fà bá ń mu ẹyọ mẹ́ta mẹ́ta lójúmọ́, 18 nìyẹn, kó tó di ọgbọ̀n ọjọ́ ó ti di 540, báàgì 27 gbáko, torí ẹyọ 20 ló wà nínú báàgì kan, a ò tíì ka ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi dì wọ́n pọ̀ o! Ẹ jẹ́ kí píọ̀ wọ́tà jẹ́ ti ìgbà tẹ́ ẹ bá jáde. Nílé, tí agbára bá gbé dispenser, ike ńlá tí wọ́n máa ń gbà padà tí wọ́n á tún rọ omi sí yẹn dáa gan-an, tí ò bá sí, ẹ se omi kànga yín. Tó bá rú, ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá sè é títí á fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan. (Kànga tó bá ń rùn bí epo, ẹ má mu ún rárá, kòkòrò àìsàn ni iná ń pa, kì í yọ epo kúrò.) Mo mọ̀ pé gáàsì ti wọ́n, ẹ fi wé owó báàgì 27 yẹn ná.

Ti sáṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń ní ńlá ló dínwó, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni. Ẹ wo gíráàmù tó wà lára ẹ̀ kẹ́ ẹ ṣírò, nígbà míì mílíìkì sáṣẹ́ẹ̀tì máa ń dínwó ju ti agolo lọ, tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ dojú kọ ọṣẹ ìfọṣọ. Ẹ dá owó jọ pẹ̀lú ará ilé, ẹ ra ńlá, ẹ fi ife wọ̀n ọ́n pín. Ìdí tí mo fi ń pariwo sáṣẹ́ẹ̀tì ni pé èyí tí inú ẹ̀ ń dán bíi fàdákà yẹn, wọ́n ti lẹ ike mọ́ aluminium, àwọn tó ń ra ike kì í fẹ́ ẹ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike omi tó mọ́ tó sì gbẹ, wọ́n ń rà á ní kílò.

Ní Ọjà Ọba, kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà, èlùbọ́, kí ló wá dé tó fi gbọ́dọ̀ wọ ọ̀rá dúdú kó tó délé? Ẹ mú ike olómorí lọ. Àmọ́ kó tó wọ̀n ọ́n ni kẹ́ ẹ sọ fún ìyá ọlọ́jà pé ẹ ò gba ọ̀rá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó fi kóńgò tiẹ̀ wọ̀n ọ́n sínú ike yín lójú yín, kó má di pé ẹ̀ ń fura síra yín. Kò ní bínú, owó ẹ̀ ló fi ń ra ọ̀rá yẹn. Epo náà, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lọ, kó gbẹ dáadáa o, omi máa ń ba epo jẹ́, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti rọ kẹ́míkà sí rí kò sì ṣeé lò láéláé, bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Bébà kọ́ ni mo máa ní kẹ́ ẹ bèèrè. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń wé àkàrà gbígbóná, yíǹkì ẹ̀ ń bá òróró wọnú oúnjẹ. Ewé ni kẹ́ ẹ bèèrè! Ẹ̀kọ inú ewé, mọ́ínmọ́ín inú ewé, iyán inú ewé, tẹ́ ẹ bá dà á sórí ilẹ̀ ó máa jẹrà, owó ẹ̀ sì ń dé ọwọ́ àwọn ìyá tó ń já a wá láti oko. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n sè nínú ọ̀rá, èmi ò jẹ ẹ́ o, torí ooru máa ń jẹ́ kí kẹ́míkà inú ọ̀rá yọ́ bọ́ sínú oúnjẹ.

Ẹ bá mi bẹ baálé, kí wọ́n dáwọ́ sísun yẹn dúró, èéfín ike ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, àwọn ọmọdé ló sì máa ń kọ́kọ́ fara gbá a. Ẹ má sì jẹ́ kó lọ sí gọ́tà, ibẹ̀ ló ti ń gba odò Ọ̀ṣun lọ. Èyí tí ò bá ṣeé tà, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ sá a, ẹ kó o sínú àpò ìrẹsì kan. Tí oúnjẹ ò bá ti sí lára ẹ̀ kò ní rùn, ó lè wà níbẹ̀ títí ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí á fi dé.