Ilé parapet tó ń mooru: ibo ló yẹ ká dá ihò atẹ́gùn sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣàgámù la wà, parapet nilé wa, ìyẹn ni pé ògiri ga yí òrùlé ká, POP ló wà nínú yàrá, páànù dúdú lókè. Tílẹ̀ bá ṣú, èmi àti bàbá àwọn ọmọ ò rí oorun sùn, ooru ń ti àjà bọ́ lé wa lórí. Kápẹ́ńtà ní ká ra turbine méjì, olórí róbótó tí atẹ́gùn ń yí yẹn, ká gbé e sórí òrùlé. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́? Ibo ló yẹ kó wà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà o, àǹtí wa. Ó máa ṣiṣẹ́ tí atẹ́gùn bá ríbi wọlé nísàlẹ̀, tí ò bá rí, owó yín wọgbó nìyẹn. Ilé tí òrùlé ẹ̀ yọ síta, èèyàn lè dá ihò sábẹ́ etí ẹ̀, atẹ́gùn tútù á gbabẹ̀ wọlé, gbígbóná á gòkè jáde, àmọ́ parapet ti fi búlọ́ọ̀kù dí gbogbo etí yẹn pa. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ n'Íjẹ̀bú-Òde, ihò tẹ́ ẹ ń rí lára ògiri wọn lábẹ́ òrùlé yẹn, wọn ò fi ṣoge lásán. Tẹ́ ẹ bá gbé turbine sórí àjà tó dí pa, atẹ́gùn inú yàrá ló máa máa fà gba ojú ibi tí POP ti sán àti ihò iná, tẹ́ ẹ bá sì tan AC, òtútù tẹ́ ẹ fowó rà ló ń fà dànù yẹn.

Bíríkìlà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Kó lu ògiri lókè POP, nísàlẹ̀ gọ́tà, yí ilé ká, kó ki páìpù 4 inches sí i, kó fi elbow dojú ẹ̀ délẹ̀ kí òjò má fẹ́ wọlé. Kó má lu inú gọ́tà o, ẹ ò ní fẹ́ràn ohun tómi máa ṣe sí POP yẹn! Wáyà nẹ́ẹ̀tì ni kó fi bo ẹnu ẹ̀ nítorí àdán, kó má lo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, eruku á dí i kíákíá.

Ní ti iye ẹ̀, ìṣirò tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ni pé kí 300 square feet àjà ní ihò 1 square foot, ìdajì nísàlẹ̀, ìdajì lókè. Ilé 40 by 30 feet á gba ihò 4 square feet, ìyẹn 2 nísàlẹ̀, 2 lókè. Páìpù 4 inches bíi 23 ló máa pé 2 yẹn, kó tiẹ̀ lé díẹ̀ torí nẹ́ẹ̀tì ń gbà lára ẹ̀. Turbine tí ọrùn ẹ̀ fẹ̀ tó 12 inches, mẹ́ta ló dáa, méjì kéré díẹ̀.

Ibi tó ga jù lórí òrùlé ni kí wọ́n wà, kí kápẹ́ńtà gé páànù láàárín igi, kó má gé igi, kó sì dí etí ẹ̀ dáadáa. Kẹ́ ẹ má tún wá dá ihò mìíràn sítòsí ẹ̀ lókè, torí ibẹ̀ ló máa máa fa atẹ́gùn, tìsàlẹ̀ ò ní gòkè mọ́.

Àmọ́ páànù dúdú yẹn, ooru ẹ̀ ò ní tán pátápátá o. Tówó bá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ta foil tó ń dán sábẹ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti wà lókè fún turbine yẹn.