Wọ́n ń kọ́ ọmọ mi nípa Confucius níléèwé: ṣé ẹ̀sìn ni?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Manchester ni à ń gbé. Wọ́n ń kọ́ ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, nípa Confucius, olùkọ́ kan láyé àtijọ́ ní Ṣáínà, níléèwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òbí rẹ̀ wá láti Ṣáínà. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti gbé ọsàn síwájú fọ́tò bàbá àgbà wọn tó ti kú, wọ́n tan tùràrí, wọ́n sì ń tẹrí ba. Òun náà bá wọn tẹrí ba. Onígbàgbọ́ ni wá, ọkàn mi ò balẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo wo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, mo rí i pé Confucius yìí ní kí ọmọ máa bọ̀wọ̀ fún òbí. Inú mi dùn débi pé mo ní kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Ṣé ẹ̀sìn ni, àbí ẹ̀kọ́ ilé bíi tiwa?

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Amẹ́ríkà lèmi wà ní tèmi. Ará Taiwan ni ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, òun ló kọ́kọ́ fún mi ní ìwé Confucius kà.

Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lọ̀rọ̀ yìí dà láàmú. Ó ti fa ìjà láàárín Róòmù àti Ṣáínà rí. Matteo Ricci, àlùfáà Kátólíìkì tó kú sí Beijing ní 1610, gbà pé ọ̀wọ̀ lásán ni wọ́n fi ń tẹrí ba fún òbí tó ti kú àti fún Confucius, pé kì í ṣe ìsìn. Àwọn àlùfáà mìíràn yarí kanlẹ̀, wọ́n ní ìbọ̀rìṣà pọ́ńbélé ni. Ẹjọ́ dé iwájú póòpù, nígbà tó sì di 1715, Póòpù Clement Kọkànlá fòfin dè é pátápátá. Inú bí Ọba Kangxi ti Ṣáínà, ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìwàásù mọ́ nílẹ̀ òun. Ó di 1939 kí Róòmù tó yí ohùn padà, tí wọ́n ní kò sí ohun tó burú nínú kí Kátólíìkì tẹrí ba níwájú òkú tàbí àwòrán rẹ̀. Àwọn tó mọ Bíbélì jù wá lọ ló fi nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún fa ọ̀rọ̀ yìí, torí náà, ẹ má jágbe mọ́ ọmọ.

Confucius fúnra rẹ̀ ò pe ara rẹ̀ ní wòlíì. Olùkọ́ ni. Wọ́n bí i ní ọdún 551 ṣáájú ìbí Jésù, ní ìlú Lu, níbi tí wọ́n ń pè ní Shandong báyìí. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Zilu, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, bi í léèrè bí èèyàn ṣe ń sin àwọn ẹ̀mí àìrí. Ó ní, o ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn, báwo lo ṣe fẹ́ sin ẹ̀mí? Zilu ò sinmi, ó tún bèèrè nípa ikú. Ó ní, ayé gan-an o ò tíì mọ̀ ọ́n, ibo lo ti fẹ́ mọ ikú? Síbẹ̀, mi ò ní sọ fún yín pé kò sí ọwọ́ ẹ̀sìn níbẹ̀ rárá. Ó máa ń dárúkọ Ọ̀run, àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ sì kọ́ tẹ́ńpìlì fún un, wọ́n rúbọ níbẹ̀. Èyí tó wà ní Qufu, ìlú rẹ̀, ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ìwà márùn-ún tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tò sínú ìwé ọmọ yín, kò ṣòro: kí èèyàn láàánú ọmọnìkejì, kó ṣe ohun tó tọ́ bí èrè ò tilẹ̀ sí níbẹ̀, kó mọ ìṣe àti ètò (bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, bí wọ́n ṣe ń sìnkú), kó lóye, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ṣeé gbára lé.

Ohun tí ẹ ní kó lẹ̀ mọ́ ògiri ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ziyou, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ mìíràn, bi Confucius pé kí ni ìbọ̀wọ̀ fún òbí. Ó ní láyé ìsinsìnyí, téèyàn bá ti ń bọ́ òbí rẹ̀, wọ́n á ní ó ṣe ojúṣe. Ajá àti ẹṣin ńkọ́, ṣebí à ń bọ́ àwọn náà? Tí kò bá sí ọ̀wọ̀ níbẹ̀, kí ni ìyàtọ̀? Àwa gan-an lọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí kó tó kan àwọn ọmọ wa. Àwa tí à ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, tí màmá bá wá pè, a ó ní a wà níbi iṣẹ́.

Ẹ tún ní kó lẹ èyí mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Xiaojing, Zengzi, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Confucius, bèèrè bóyá ọmọ tó ń gba gbogbo ohun tí bàbá bá sọ ló mọ ojúṣe ọmọ. Ẹnu ya Confucius: irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn! Tí bàbá bá fẹ́ ṣe ohun tí kò tọ́, dandan ni kí ọmọ sọ fún un. Níbòmíràn, ó ní ohùn pẹ̀lẹ́ ni kó fi sọ ọ́ ṣá o, bí òbí ò bá sì gbọ́, ọ̀wọ̀ tó ń bù fún un ò gbọ́dọ̀ dín. Tí ọmọ yín bá ka ti àkọ́kọ́ tí ẹ sì fi èkejì pamọ́, á rí i níléèwé lọ́jọ́ kan, á sì bi yín.

Ṣé ó jọ tiwa? Ó jọ ọ́ dáadáa. Tó bá di ọdún tuntun àwọn ará Kòríà, tí ẹ̀kọ́ Confucius ti dé ọ̀dọ̀ wọn tipẹ́, àwọn ọmọ a forí balẹ̀ fún àgbà, àgbà a sì fún wọn lówó. Ọmọ Yorùbá wo ni nǹkan yẹn máa ṣàjèjì sí? Àmọ́ ẹ má sọ fún un pé ọ̀kan náà ni. Nínú ìbáṣepọ̀ márùn-ún tí ẹ̀kọ́ Confucius kà sí pàtàkì (ọba àti ará ìlú, bàbá àti ọmọ, ọkọ àti aya, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́), ti ọ̀rẹ́ nìkan ni kò sí ọ̀gá níbẹ̀. Abẹ́ ọkọ ni wọ́n fi aya sí. Ní Ṣáínà, ọkùnrin nìkan ló ń ṣe ìdánwò ìjọba tí wọ́n gbé ka ẹ̀kọ́ yìí, títí wọ́n fi fòpin sí i ní 1905. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin ń jẹ Ìyálóde, ó sì ń bá wọn gbìmọ̀ ìlú. Ọmọbìnrin lẹ bí. Ẹ jẹ́ kó mọ apá ibẹ̀ náà.

Ní ti ìtẹríba yẹn, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Lẹ́yìn náà kí ẹ pe ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ẹ ní kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn, torí ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ kó máa bá wọn tẹrí ba mọ́, kó dúró jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí wọ́n á fi ṣe tán. Mi ò rò pé wọ́n á bínú sí i. Ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń tún ibojì àwọn òkú wọn ṣe, torí náà ẹ ti bá a sọ ọ́ kó tó di ìgbà yẹn, kí wọ́n má lọ pè é kó má mọ ohun tó máa sọ.