Oṣù mẹ́rin tí i₁ gbà lọ́wọ́ mi

Àbúrò mi, o ní o ní quadratic form oní-variable 6 kan lọ́wọ́, o sì bèèrè bóyá canonical dimension (cd) quadric rẹ̀, ìyẹn ibi tí form náà ti jẹ́ zero, kì í ṣe dimension quadric náà gan-an, níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ anisotropic, tí kò ní zero kankan lórí field rẹ̀ yàtọ̀ sí origin. Cd ni dimension apá tó kéré jù nínú quadric náà tó máa ń ní point níbikíbi tí quadric náà bá ti ní. Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí, mo sì dá ara mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń kọ orí kejì iṣẹ́ mi lé e lórí, ní Adó-Èkìtì níbí, kí ọ̀gá tó ń bójú tó mi tó bi mí pé, "Mélòó ni i₁ rẹ̀?" First Witt index ló ń sọ: bí a bá gbé form náà lọ sórí function field quadric rẹ̀, níbi tó ti kọ́kọ́ rí zero, i₁ ni dimension subspace tó tóbi jù tí form náà ti jẹ́ zero. Ọmọ Èkìtì kọ iyán lálẹ́ ọjọ́ náà, ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá kékeré.

Karpenko àti Merkurjev ti fi hàn ní 2003 pé, bí X bá jẹ́ quadric náà, cd rẹ̀ jẹ́ dim X − i₁ + 1. Essential dimension ni wọ́n pè é nígbà yẹn, nítorí náà o lè wá a tì. Berhuy àti Reichstein ló mú orúkọ canonical dimension wá ní 2005.

Fi ìtumọ̀ ńlá sílẹ̀ ná. Mú báírò, kí o máa ṣe àròpọ̀ square lórí ℝ. x²+y²+z²: conic ni, dim 1, i₁ 1, cd 1. Fi w² kún un: dim di 2, i₁ náà di 2, cd kò kúrò ní 1. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá ìwé jà. Ṣé o rí i, square mẹ́rin yẹn, Pfister form ni, Pfister form kì í sì í ṣe nǹkan ní ààbọ̀: ọjọ́ tó bá rí zero lórí field kan, ọjọ́ náà ló di hyperbolic pátápátá, ìyẹn ni pé ó jẹ́ zero lórí subspace tó gba ìdajì àyè rẹ̀. Subspace oní-dimension 2 tí form náà ti jẹ́ zero yóò wà níbẹ̀, ti x, y, z sì jẹ́ 3. 2 àti 3 nínú 4, kò sí bí wọn ò ṣe ní pàdé. Nítorí náà, ibi tí quadric ńlá bá ti ní point, conic inú rẹ̀ ti ní tirẹ̀.

Square 5, 6, 7, 8: i₁ wọn jẹ́ 1, 2, 3, 4. Cd gbogbo wọn, 3. Ó di orí square 9 kó tó fò sí 7, kò sì kúrò níbẹ̀ títí dé 16.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé gbogbo àpẹẹrẹ tí mo ń lò, generic form ni, àwọn tí coefficient wọn jẹ́ variable lásán. I₁ wọn, 1 ni, cd wọn sì bá dim X mu régí. Kí ló fẹ́ ta mí lólobó?

Ní ti form rẹ, ohun tí Karpenko fi hàn nípa i₁ kò jẹ́ kó ju 1 tàbí 2 lọ. Albert form, èyí tí discriminant rẹ̀ jẹ́ trivial? i₁ jẹ́ 1, cd jẹ́ 4. Pfister neighbor, èyí tó gba ju ìdajì Pfister form kan lọ? i₁ jẹ́ 2, cd jẹ́ 3. Kọ coefficient rẹ̀ ránṣẹ́, ká jọ wò ó.